Àtẹ̀gùn Méjìlélógún

Wọ́n ní ọmọ àlè ní í rínú tí kì í bí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ọmọ ọkọ gidi ni obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nítorí inú tó bí i lọ́sẹ̀ náà, bí wọ́n bá gbé ìkòkò omi lé e lórí, á hó.

Ìyá Ọ̀rọ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó lẹ́nu jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òun ló ń wá ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ sínú fóònù nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n máa sùn sí ní ìlú tí wọn ò mọ̀, kó lè rí i pé ẹni tó bá tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì tiwọn ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lójú. Afọṣọ, ọkùnrin tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.

"Kí ló kàn ẹ́ nípa ohun tí ẹlòmíì ń tẹ̀ sínú fóònù ẹ̀?" Afọṣọ á wí. "Òfófó lo fi ń jẹun."

"Òfófó yẹn náà ló ń jẹ́ kíwọ náà rí aṣọ bẹ́ẹ̀dì fọ̀," Ìyá Ọ̀rọ̀ á dá a lóhùn, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é yàtọ̀. Kì í kọ́kọ́ lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ìwé onílà kan wà lórí kọ̀ǹtá níwájú ẹnu ọ̀nà, obìnrin tó ń gba àlejò, Àǹtí Kọ̀ǹtá, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pè, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni Àǹtí á kọ síbẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, láìtún un ṣe. Ìyá Ọ̀rọ̀ gbà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í parọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ariwo pọ̀ ládùúgbò yín, ó ti pẹ́ tí kò ti rí oorun sùn. Lẹ́yìn tó bá ti kó ìbéèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jọ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, kó wo iye èèyàn tó ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lóṣù kan.

Ọ̀gá wọn kò fẹ́ràn ìwé onílà. Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe òun, àbúrò ìyá Ìyá Ọ̀rọ̀ sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá Ọ̀rọ̀ wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àbúrò ìyá rẹ̀ yìí ló gbà á tọ́, tó rán an nílé ìwé títí tó fi jáde. Dádì ló ń pè é, kò sì gbó o lẹ́nu rí. Ohun tí Dádì ń fẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu: "ìgbádùn tí kò láfiwé," "ilé ìtura àwọn ọlọ́lá." Ìyá Ọ̀rọ̀ fi hàn án lórí kọ̀ǹpútà pé èèyàn mẹ́rin péré ló ń wá ìgbádùn tí kò láfiwé lóṣù, àti pé ó ṣeé ṣe kí Dádì fúnra rẹ̀ wà lára wọn.

Ìwé onílà ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn egungun kan wà lẹ́yìn òpópónà wọn, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ téèyàn bá fẹsẹ̀ rìn. Nínú ìbéèrè mẹ́wàá, mẹ́fà ló dá lé e. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ jìnnà sí ilé ìwòsàn egungun?" "Ṣé àtẹ̀gùn pọ̀ níbẹ̀?" "Ẹsẹ̀ ọkọ mi wà nínú sìmẹ́ńtì, ṣé yàrá wà nísàlẹ̀?" Nígbà tí Ìyá Ọ̀rọ̀ gbé wọn dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó rí i pé èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló ń wá irú yàrá bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, kò sì sí hòtẹ́ẹ̀lì kankan ládùúgbò náà tó dá wọn lóhùn. Gbogbo wọn ń polówó ìgbádùn fún ẹni tí itan rẹ̀ kán. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò jẹun ọ̀sán.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta ni ilé náà, lífìtì rẹ̀ sì ti kú láti ọdún méjì. Wọ́n gbé òdòdó sínú ìkòkò síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ojú àlejò má bàa tètè débẹ̀. Yàrá mẹ́rin péré ló wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́ àti fíríìjì tó ti bàjẹ́ kún méjì, aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà nínú ìkẹta, ìkẹrin sì ni ọ́fíìsì Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì, ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, tó ti kó ọ́fíìsì rẹ̀ kúrò lókè láti ọjọ́ tí lífìtì ti dákẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká kó àwọn yàrá yẹn ná, Dádì," Ìyá Ọ̀rọ̀ wí. "Ká tó kọ ọ́ jáde."

"Kọ ọ́ jáde ná," Dádì dá a lóhùn. "Ta ní ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ de àlejò tí kò tíì wá? Kí oṣù tó parí, a ó ti kó gbogbo ẹ̀."

Ibẹ̀ ni Ìyá Ọ̀rọ̀ ti ṣì í, ẹ má jẹ́ ká dá Dádì nìkan lẹ́bi. Ẹni tó gbà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í parọ́, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tó kọ irọ́. Ó ti rí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń wá, ara ń yún un láti rí i kó ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ gbàgàdà sójú ewé hòtẹ́ẹ̀lì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti sínú ìpolówó: "Yàrá ìsàlẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn kankan. Ìṣẹ́jú méjì sí ilé ìwòsàn egungun."

Ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí fóònù Àǹtí Kọ̀ǹtá kò fi sinmi mọ́. Bí àlejò bá dé, Àǹtí á ní yàrá ìsàlẹ̀ ti kún, wọ́n á sì fún un ní ti òkè. Àwọn tó lè gùn ún á kùn títí dé òkè. Ìyá Ọ̀rọ̀ ń gbọ́ kíkùn yẹn láti ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rán Dádì létí. Nígbà àkọ́kọ́, Dádì ní ó di ọ̀la. Nígbà kejì, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù parí, òmíràn wọlé, kò sẹ́ni tó gbé bẹ́ẹ̀dì kan kúrò níbi tó wà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìyá àgbàlagbà kan dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí i ní ìbàdí, ilé ìwòsàn ti fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa padà lọ síbẹ̀ láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn, ó ń gbé e síwájú díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e. Ó ti sanwó láti ilé.

"Yàrá ìsàlẹ̀ ti kún, mà," Àǹtí Kọ̀ǹtá wí, ojú rẹ̀ wà nínú ìwé onílà.

Ọmọ ìyá náà pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ha. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ. Nígbẹ̀yìn, Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbé àga oníke kan wá, òun àti Afọṣọ gbé ìyá náà jókòó sórí rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e gòkè. Ìyá Ọ̀rọ̀ jáde láti wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn kẹrìnlá, ọwọ́ Afọṣọ yọ̀. Àga fì sápá kan. Ìyá náà kò ṣubú, Ṣọ́jà fi àyà gbà á, ṣùgbọ́n ó figbe ta, ìtọ̀ sì bọ́ lára rẹ̀. Ó ṣàn kúrò lórí àga, ó ń kán láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn, lójú àwọn àlejò tó dúró nísàlẹ̀, lójú ọmọ tó bí. Ìyá náà fa ìborùn rẹ̀ bo ojú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e dé òkè.

Ìyá Ọ̀rọ̀ ló gbé omi gbígbóná àti tówẹ̀lì lọ bá a. Ọmọ ìyá náà ti jáde lọ ra oògùn. Ìyá ti pààrọ̀ aṣọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ta ló kọ ohun tó wà nínú fóònù yẹn?" ó béèrè.

Ìyá Ọ̀rọ̀ ìbá ti ní ọ̀gá àwọn ni. Ìbá ti ní òun ò mọ̀. "Èmi ni, mà," ló wí.

"O mọ ìwé kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà kí ọmọ mi sanwó. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì ti máàkì irọ́ tó pọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ dáadáa ló máa ń bí mi nínú jù." Ó na fóònù rẹ̀ sí i. "Ọmọ mi fẹ́ bá mi wá yàrá, mo ní kó jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Wo ohun tí mo tẹ̀."

Ìyá Ọ̀rọ̀ wò ó. Ó ti rí ọ̀rọ̀ náà rí. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà máa ń to ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ sínú fóònù kí wọ́n tó bá ìpolówó wọn pàdé sílẹ̀ fún un, bí oníkálùkù ṣe kọ ọ́. Ó rí èyí nísàlẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ Ajé, èèyàn kan ṣoṣo ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnì kan kì í sì í ṣe ọjà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ìlà pa á rẹ́, ó sì kọjá sí òmíràn. Ohun tí ìyá náà kọ ni pé: "hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò ní gbé mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," Ìyá Ọ̀rọ̀ wí.

"Gbé tówẹ̀lì yẹn síbẹ̀, kí o máa lọ," ìyá náà wí.

Ìbínú tó gbé Ìyá Ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò mọ iye àtẹ̀gùn tó tẹ̀. Inú ń bí i sí Dádì, ó ń bí i sí Àǹtí Kọ̀ǹtá tó ń sọ pé ó ti kún, sí òdòdó iwájú lífìtì, ṣùgbọ́n èyí tó ń jó o lára jù ni ti ara rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ọ́fíìsì, ohun tí kò ṣe rí. Dádì nasẹ̀ sórí àpótí kékeré, ó ń fi òróró pa orúnkún.

"Dádì, ìyá yẹn tọ̀ sára lórí àtẹ̀gùn."

"Mo gbọ́. Wọ́n ti nù ún, àbí wọn ò tíì nù ún?"

"Ọ̀rọ̀ ká nù ún kọ́ nìyí! A ní kò sí àtẹ̀gùn. Àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kó yàrá kan lónìí, ẹyọ kan péré."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ló dé tó ò ń gbóhùn sókè báyìí? Àtẹ̀gùn méjìlélógún péré ni! Àbí òkè ńlá ni? Bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là á fọwọ́ bò ó jẹ. Fóònù ń dún, yàrá kún, ìwọ wá ń wá ẹni tó máa bá ẹ jà."

"Bó bá jẹ́ pé péré ni, kí ló dé tí ọ́fíìsì yín fi wà nísàlẹ̀?"

"Orúnkún mi ńkọ́?" Dádì fi ìbínú dáhùn. "Ṣé o fẹ́ kí n máa fi orúnkún yìí gùn ún lójoojúmọ́ ni?"

Ìyá Ọ̀rọ̀ wò ó, ó dúró kí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Dádì jáde padà wọ etí rẹ̀. Kò wọ̀ ọ́. Ó tún da òróró sọ́wọ́.

"Èmi tí mo rán ẹ nílé ìwé," Dádì ń wí lọ, "èmi lo wá ń dúró lé lórí? Ẹyin lọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ, o ò gbọ́ ọ rí? Máa ṣọ́ ti ẹnu rẹ."

"Mo ti fọ́ tèmi, Dádì," Ìyá Ọ̀rọ̀ wí. "Ó ti balẹ̀ láti oṣù tó kọjá." Ó jáde, ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó dá ìpolówó náà dúró, ó sì pa gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ kúrò lójú ewé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi bọ́tìnnì tẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti bo ojú rẹ̀ láti òkè. Ìyá Ọ̀rọ̀ dúró nísàlẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó láti àtẹ̀gùn kìíní títí dé èyí tó kẹ́yìn, kò gbójú kúrò. Bí ìyá àti ọmọ rẹ̀ ṣe jáde sí òpópónà báyìí, ó yíjú sí Ṣọ́jà àti Afọṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé tábìlì Dádì síta."

Ṣọ́jà wo òkè, ó wo ilẹ̀. Afọṣọ ní, "Ìyá Ọ̀rọ̀, o fẹ́ kí n pàdánù iṣẹ́ mi ni?"

"Ẹ sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é. Òótọ́ sì ni."

Afọṣọ wo àtẹ̀gùn. "Ọwọ́ tèmi ló yọ̀ lánàá," ló wí. Òun ló kọ́kọ́ wọlé, òun ló sì kọ́kọ́ di tábìlì náà mú.

Aago mẹ́wàá ni Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì máa ń dé. Kó tó di àkókò yẹn, tábìlì rẹ̀, àga rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì rẹ̀ àti àpótí tó ń gbé ẹsẹ̀ lé ti wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òdòdó. Wọ́n ti yọ bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tí kò tíì ṣẹ́ jáde láàárín àwọn tó wà ní yàrá kejì, wọ́n ti gbé e sínú ọ́fíìsì náà, Ìyá Ọ̀rọ̀ ti fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, Àǹtí Kọ̀ǹtá pàápàá ti fi kọ̀ǹtá sílẹ̀, ó wá tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ta ló gbé tábìlì mi síta?"

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Àwọn àlejò yọjú láti òkè.

"Èmi ni, Dádì."

"Ìwọ! Ìwọ ọmọ tí ìyá ẹ fi ẹkún fà lé mi lọ́wọ́! Ṣé orí ẹ pé? Fóònù ò tiẹ̀ dún níbí mọ́, àbí o ti yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò? O ti yọ ọ́! O fẹ́ ba ilé mi jẹ́! Gbé e padà, gbogbo ẹ̀, nísinsìnyí! Lẹ́yìn náà, kó ẹrù ẹ, kí n má fojú kàn ẹ́ mọ́ níbí."

Ìyá Ọ̀rọ̀ lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn yàrá náà. "Màá kó o, Dádì. Mo dúpẹ́ ilé ìwé tí ẹ rán mi, mi ò sì ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n tábìlì yẹn ò ní padà síbẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́fà ìyá yẹn á fi pé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e padà, kó kọ́kọ́ gbé èmi."

Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ya ẹnu láti tún pariwo, àmọ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti ń ró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà ti dé láti ilé ìwòsàn. Ó gbé irin síwájú, ó tẹ̀ lé e, ó tún gbé e. Gbogbo wọn yà fún un. Ó rí àga oníke nídìí àtẹ̀gùn, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ìborùn rẹ̀.

"Kì í ṣe ibẹ̀ mọ́, mà," Ìyá Ọ̀rọ̀ wí. "Yàrá yín nìyí. Ìsàlẹ̀ ni."

Ìyá náà wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó wo tábìlì tó wà níta, ó wo ọkùnrin tó dúró tì í tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Tíṣà ni, kò ṣòro fún un láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò sí bí Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì ṣe máa pariwo mọ́. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo tábìlì rẹ̀, ó wo àwọn àlejò tó ń wò ó láti òkè.

"Níbo wá ni kí èmi jókòó sí?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Yàrá kan ṣófo lókè, Dádì," Ìyá Ọ̀rọ̀ wí. "Àtẹ̀gùn méjìlélógún péré ni."

Bóyá ìtìjú ni, bóyá agídí ni, Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì kọrí sí àtẹ̀gùn. Ó gbá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ó gun ọ̀kan, ó gun méjì. Lórí ẹ̀kẹrin ó dúró, ó fọwọ́ tẹ orúnkún. Ó gun ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà. Lórí ìkeje, orúnkún náà yẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ilẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń rùn díẹ̀ fún oògùn tí wọ́n fi nù ún lánàá.

Ṣọ́jà gbé àga oníke, ó sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ṣé ká wá gbé yín?"

Bàbá Hòtẹ́ẹ̀lì wo àga náà. Ó wo àwọn tó dúró nísàlẹ̀, ó wo àwọn tó dúró lókè, ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Ẹ má gbé mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi."